Ẹni Tó Da Epo àti Ẹni Tó Fọ́n Kẹ́míkà: Ìtàn Ẹ̀bi Lórí Omi Òkun

Odò Ògùn, tí orísun rẹ̀ wà láàárín àwọn òkè agbègbè Ṣakí, ń la ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn kọjá, ó ń gba inú Ọgbà Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé, tí ìlú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà létí rẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ títí tí yóò fi gba Abẹ́òkúta já sínú ọ̀sà ní Èkó, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Bí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń wo omi yìí ní òkè kọ́ ni ó ṣe ń wò ó ní ìsàlẹ̀. Ní òkè, òfin ẹja inú odò tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1992 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi májèlé pa ẹja, ìbáà ṣe ìgò kan péré ni ó dà sínú ibú. Ní ìsàlẹ̀, lójú agbami, ilé-iṣẹ́ tí epo rọ̀bì rẹ̀ bá dànù lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ó sì fọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà sórí omi níbi tí ẹja wà. Ó ní ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi wáyé, ìdí náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí kẹ́míkà náà bá ṣe ìpalára ti gba àwọn ilé-ẹjọ́ ayé lákòókò fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, Nàìjíríà náà sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn ọ̀hún.

Fífi oró pa ẹja kì í ṣe àṣà àjèjì. Káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà tí ó ku ibú níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwọn ènìyàn ti mọ̀ láti ayébáyé bí wọ́n ṣe ń gún èèpo èso igi irú, tí wọ́n á dà á sómi kí ẹja lè dákú kí ó sì léfòó. Oró ewé àti èèpo igi kì í pẹ́ kí ó tó tán nínú omi. Nígbà tí Gammalin 20 dé, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n sí oko nítorí kòkòrò, tí àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sódò láti fi kó ẹja, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí oró yìí ń pẹ́ nílẹ̀, ó sì ń bá ẹja wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ti burú tó, kò ṣòro láti mọ ẹni tó jẹ̀bi: ẹni tó da nǹkan sómi ni. Lórí òkun, ó kéré tán, ẹni mẹ́rin ni ó dúró níwájú adájọ́, àwọn ni ẹni tí epo rẹ̀ dànù, ẹni tó fọ́n kẹ́míkà lé epo náà lórí, ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fọ́n ọn, àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe kẹ́míkà náà tà.

Kẹ́míkà atúpo ni a ó máa pe ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ìyẹn kẹ́míkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú epo tó tẹ́ sórí omi ká sí wẹ́wẹ́. Ohun méjì pàtàkì ló wà nínú rẹ̀: èkíní ni èròjà kan tí ìdí rẹ̀ kan ń di epo mú tí ìdí rẹ̀ kejì sì ń di omi mú, gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń ṣí ọ̀rá kúrò lára abọ́, èkejì ni oje tí ó ń jẹ́ kí èròjà yìí lè ráyè wọ inú epo náà. Ọkọ̀ òfuurufú á fò sílẹ̀ gan-an lórí omi, á máa fọ́n ọn bí òjò winniwinni, nǹkan bí gálọ́ọ̀nù kan sí ogún gálọ́ọ̀nù epo, ìgbì òkun á sì po wọ́n pọ̀. Epo tó ti tẹ́ rẹrẹ yóò wá fọ́ sí ẹ̀kán tí kò nípọn ju fọ́nrán irun orí lọ, ẹ̀kán wọ̀nyí kò sì ní lè léfòó mọ́. Wọn yóò rì wọ inú omi sí ìwọ̀n mítà díẹ̀, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ epo yóò ti máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí epo náà pẹ́ lórí omi tó fi ki bí ògì, kẹ́míkà náà kò ní lè ràn án mọ́, nítorí náà ni àwọn tó ń lò ó ṣe máa ń kánjú, tí ìjọba náà sì máa ń fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ìkánjú.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé dì mú nínú àlàyé yìí ni pé epo náà kò kúrò nínú òkun. Ojú omi ni ó kúrò. Ẹyẹ tó ń bà sórí omi bọ́ nínú ewu, igi ẹ̀gbà tó wà létí omi náà sì lè bọ́, etíkun kò ní dúdú. Ṣùgbọ́n ẹyin ẹja, ọmọ edé àti àwọn ohun alààyè mìíràn tó wà nísàlẹ̀ ni epo náà lọ bá, pẹ̀lú kẹ́míkà tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́n ọn ti yan ẹni tí yóò fara gbá nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé yíyàn tó dára jù lọ ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì gbà pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀ ní agbami tó jìn. Àmọ́ yíyàn ni, òfin sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yàn.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1967 ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ di ti gbogbo ayé, nígbà tí ọkọ̀ agbépo tí wọ́n ń pè ní Torrey Canyon, tí ó gbé epo rọ̀bì tó tó 119,000 tọ́ọ̀nù láti Kuwait, forí sọ àpáta nínú omi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Cornwall. Orílẹ̀-èdè Làìbéríà ni wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní erékùṣù Bermuda ni ó ni ín, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan yá a lò, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì tún yá a lọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ogun òfuurufú láti ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ náà kí epo inú rẹ̀ lè jóná, èyí tí kò yanjú púpọ̀, wọ́n sì da nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi inú ilé-iṣẹ́ sórí epo náà lójú omi àti létíkun. Àwọn ọmọ ogun yí àgbá ọṣẹ wá sórí yanrìn àti àpáta, wọ́n ń dà á sílẹ̀ ní tààrà láìfi omi là á. Ọṣẹ ayé ìgbà náà kò rí bíi kẹ́míkà atúpo òde òní. Oje tó wà nínú rẹ̀ lóró púpọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ohun alààyè inú òkun láti Plymouth yẹ etíkun wò, wọ́n rí i pé níbi tí epo nìkan dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ àpáta ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti da ọṣẹ, wọ́n kú tán.

Ta ni yóò san owó ìṣáwùrú wọ̀nyẹn? Ìjọba fúnra rẹ̀ ló da ọṣẹ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló da epo, òun gan-an kò sì ṣeé rí mú, nítorí ọkọ̀ tó da epo náà ti rì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dúró títí tí ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ ti àwọn olówó kan náà fi gúnlẹ̀ sí Singapore ní ọdún 1967, agbẹjọ́rò kan sì gòkè wọ inú rẹ̀ lọ lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́ òpó ọkọ̀. Ilẹ̀ Faransé náà lé ọkọ̀ yìí kan náà bá ní Rotterdam ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ọdún 1969. Láti fi ọgbọ́n lé ọkọ̀ kiri kì í ṣe ọ̀nà tí ìjọba ńlá fi ń gba ẹ̀tọ́, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1969 yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Brussels, tí wọ́n ṣe àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀bi fún ìbàjẹ́ tí epo inú ọkọ̀ bá fà. Àdéhùn yìí gbé ẹ̀bi lé ẹni tó ni ọkọ̀ lórí láìbéèrè bóyá ó ṣe àìbìkítà tàbí kò ṣe é, ó sì fi òdiwọ̀n sí iye tí yóò san. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òǹkọ̀wé òfin kì í sábà dúró lé ni gbólóhùn kékeré kan nínú ìtumọ̀ tí àdéhùn náà fún ìbàjẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbàjẹ́ kan owó tí ẹnikẹ́ni bá ná láti dènà kí epo má tàn kálẹ̀, ó sì tún kan àdánù mìíràn tí ìgbésẹ̀ ìdènà náà fúnra rẹ̀ bá fà. Ọ̀rọ̀ Cornwall ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kà á yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn ọṣẹ nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ afọ́nkẹ́míkà bá da atúpo sórí epo, tí atúpo náà pa ẹja, gbèsè ẹja náà padà sọ́dọ̀ ẹni tí epo rẹ̀ dànù, nítorí bí kò bá da epo, kò sẹ́ni tí ìbá fọ́n kẹ́míkà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àdéhùn yìí ní ọdún 1992 tún fi odi yí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìdènà ká: kò sẹ́ni tó lè pè é lẹ́jọ́ lábẹ́ àdéhùn náà tàbí lọ́nà mìíràn, àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó mọ̀ pé irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wáyé tí ó sì kọtí ikún.

Nàìjíríà darapọ̀ mọ́ àdéhùn 1969 ní ọdún 1981, ó sì darapọ̀ mọ́ àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2002. Àmọ́ àdéhùn yìí kò kan ohun tó ń da epo sómi Nàìjíríà jù lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé epo la òkun kọjá ni ó wà fún; kò bá kànga epo, ọ̀pá epo tàbí pèpéle tí wọ́n ń gbẹ́ epo lórí rẹ̀ wí, bẹ́ẹ̀ láti inú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ epo tó ń dànù ní etíkun orílẹ̀-èdè yìí ti ń wá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1980, kànga Funiwa 5 tí ilé-iṣẹ́ Texaco ń gbẹ́ bú gbàmù lójú òkun, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àgbá epo tú jáde, 836 ékà igbó ẹ̀gbà sì kú. Kò sí àdéhùn Brussels kankan tí ará abúlé ibẹ̀ lè nawọ́ sí. Òfin ilé ni ó kù fún un.

Òfin ilé ọ̀hún sì jẹ́ àwẹ́ àwẹ́. Òfin ọdún 1968 wà lórí epo nínú omi tí ọkọ̀ ń gbà, tí ó dá lé orí ìjìyà ọ̀daràn ju owó gbà-má-bínú lọ. Ìlànà gbígbẹ́ àti wíwa epo ti ọdún 1969 wà, tí abala kẹtàlélógún rẹ̀ sọ pé bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ epo bá ṣe ìdíwọ́ tí kò tọ́ fún ẹ̀tọ́ apẹja, yóò san owó gbà-má-bínú tó tó fún un. Abala yìí ṣe pàtàkì fún apẹja, nítorí kò béèrè bóyá epo ni ó dí i lọ́wọ́ tàbí ohun tí wọ́n fọ́n lé epo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó epo rọ̀bì gbé ìlànà àyíká jáde ní ọdún 1991, èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ sí EGASPIN, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2002. Inú EGASPIN ni ọ̀rọ̀ kẹ́míkà atúpo ti hàn kedere: kẹ́míkà tí wọ́n ti dán wò tí ìjọba sì fọwọ́ sí nìkan ni ẹnikẹ́ni lè lò, ó sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó fọ́n ọn. Àṣẹ yìí kì í pa ẹ̀tọ́ apẹja rẹ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n nínú ilé-ẹjọ́ ó ń fún olùjẹ́jọ́ ní apata, nítorí ó ṣòro láti sọ pé ẹni tó ṣe ohun tí ìjọba ní kí ó ṣe, bí ìjọba ṣe ní kí ó ṣe é, jẹ́ aláìbìkítà.

Ìṣòro kejì wà fún apẹja, ó sì ti wà kí kẹ́míkà tó dé. Omi òkun àti ọ̀nà omi kì í ṣe ti ẹnì kan. Nínú ẹjọ́ Amos tí wọ́n pe Shell-BP, tí ilé-ẹjọ́ gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1974, ilé-iṣẹ́ náà mọ ìdídò ńlá dí ọ̀nà omi kan nígbà tí iṣẹ́ epo ń lọ, oko kún fún omi, ọkọ̀ ọlọ́jà kò sì lè kọjá. Síbẹ̀ adájọ́ sọ pé ọ̀nà omi gbogbogbòò ni, àti pé olùpẹjọ́ tí kò lè fi hàn pé àdánù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ará ìlú kò lè gba kọ́bọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ka ìdájọ́ yìí pọ̀ mọ́ ohun tí kẹ́míkà atúpo ń ṣe. Epo tó dé etí omi, tó dúdú sí ilẹ̀ ẹnì kan, ni ẹni náà lè nawọ́ sí. Epo tó ti fọ́ sínú omi gbogbogbòò, ẹja tí kò ní olówó ni ó lọ bá.

Omi tó kan ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì rí tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 1998, ọ̀pá epo tó so pèpéle Idoho mọ́ èbúté Qua Iboe, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Mobil ní Akwa Ibom, bẹ́, nǹkan bí 40,000 àgbá epo sì dà sókun. Omi òkun gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn, epo náà kọjá etíkun àwọn Ìlàjẹ títí tó fi dé Èkó. Ìjọba kò ní àjọ kan pàtó tó ń bójú tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 2006 ni òfin tó dá NOSDRA sílẹ̀ jáde, ìyẹn àjọ tó ń ṣàwárí epo tó dànù tí ó sì ń rí i pé wọ́n kó o.

NOSDRA yìí ni ó pàdé ọ̀rọ̀ Bonga. Ní ọjọ́ ogún oṣù Kejìlá ọdún 2011, níbi tí wọ́n ti ń fa epo láti inú ọkọ̀ ńlá tó dúró lójú agbami, nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun, sínú ọkọ̀ agbépo mìíràn, ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá bẹ́, ó sì tó wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó dá a dúró. Nǹkan bí 40,000 àgbá epo ti lọ. Ẹ̀ka Shell tó ń ṣiṣẹ́ ní agbami fi kẹ́míkà atúpo kojú rẹ̀, ó sì kéde láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé epo náà ti túká, pé òun kò gbà pé ó dé etíkun, àti pé epo tí àwọn kan rí létíkun wá láti ibòmíràn. Àwọn abúlé etíkun ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. NOSDRA fara mọ́ ti àwọn abúlé. Ní ọdún 2015 ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà san bílíọ̀nù 3.6 dọ́là, ìdajì rẹ̀ fún owó gbà-má-bínú, ìdajì kejì fún ìjìyà, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀, ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, bí epo náà ṣe dé ilẹ̀ tàbí kò dé ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹja tó wà lábẹ́ ibi tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà sí kò rí ààyè púpọ̀.

Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tó jọ ọ́. Nígbà tí kànga BP bú gbàmù ní Ògbun Mexico ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, tí ènìyàn mọ́kànlá kú, mílíọ̀nù 1.84 gálọ́ọ̀nù atúpo tí wọ́n ń pè ní Corexit ni wọ́n lò, nǹkan bí 771,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀pá tú sí ẹnu kànga nísàlẹ̀ òkun lọ́hùn-ún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kó epo àti àwọn tó ń gbé etíkun pe Nalco, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Corexit, lẹ́jọ́ pé kẹ́míkà náà sọ àwọn di aláìsàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Adájọ́ Carl Barbier ní New Orleans dá ẹjọ́ náà nù. Kò sọ pé Corexit kò lóró. Ohun tó sọ ni pé ìjọba àpapọ̀ ti fi kẹ́míkà náà sórí àkọsílẹ̀ èyí tí wọ́n lè lò, ọ̀gá ìjọba tó ń darí iṣẹ́ náà ló ní kí wọ́n lò ó, bí adájọ́ bá sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà yóò máa bẹ̀rù láti tà á nígbà tí epo bá tún dànù. Òfin Amẹ́ríkà ti sọ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọ̀ràn ọkọ̀ agbépo Exxon Valdez ti ọdún 1989, pé ẹni tó ń kó epo gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe là á sílẹ̀ kò jẹ gbèsè, pé gbèsè tí wọ́n gbé kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí ẹni tí epo rẹ̀ dànù. Ọgbọ́n Brussels náà ni, a fi aṣọ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọgbọ́n yìí mọ́gbọ́n dání bí ẹni tí gbogbo gbèsè bọ́ sí lórí bá ṣeé mú. Ìlú London ni wọ́n ti rí i pé kì í fìgbà gbogbo ṣeé mú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì, lórúkọ ara wọn àti lórúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún abúlé, pe àwọn ilé-iṣẹ́ Shell lẹ́jọ́ níbẹ̀ lórí Bonga ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún mẹ́fà tí òfin fún wọn tó pé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní ọdún 2018, ọdún mẹ́fà ti kọjá. Agbẹjọ́rò wọn wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tí ì kó epo náà kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ènìyàn, ìyọlẹ́nu ń bá a lọ lójoojúmọ́, nítorí náà gbèdéke àkókò kò tí ì kọjá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni pé òfin Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ lórí rẹ̀, kọ èyí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2023: ọ̀ràn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó ti parí ní ọjọ́ tí epo náà dé ilẹ̀, pípẹ́ tí ìdọ̀tí ń pẹ́ nílẹ̀ kò sọ ọ́ di ọ̀ràn tuntun.

Láti ìgbà tí ìdájọ́ yìí ti jáde, àkọsílẹ̀ ti di ohun ìjà àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí kẹ́míkà atúpo. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ gbé òfìfo kò lè fi ojú rí epo tó ti túká, kò sì mọ wákàtí tí ọkọ̀ òfuurufú fò kọjá, orúkọ kẹ́míkà tó fọ́n, iye gálọ́ọ̀nù rẹ̀, tàbí bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó; ilé-iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n, ìjọba tó fúnni láṣẹ sì gbọ́dọ̀ ní i lọ́wọ́. Òfin Òmìnira Láti Gba Ìròyìn, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, oṣù méje ṣáájú Bonga, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ NOSDRA tàbí àjọ ìjọba mìíràn láìsọ ìdí tó fi ń béèrè rẹ̀, ọjọ́ méje sì ni òfin náà fún àjọ tí wọ́n bi láti fèsì.